Kí Ni Yóò Fi Tẹ̀ka?

Gbogbo ìwé ìbúra tí mo ti kọ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ló ní àyè kan nísàlẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé yóò buwọ́ lù ú níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò tẹ̀ka. Akọ̀wé kóòtù yóò wá kọ ọ́ sí i pé wọ́n ka ìwé náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní èdè tó gbọ́, pé ó sì yé e kó tó fọwọ́ sí i. Mo ti jókòó ti àwọn ìyá àgbà tó wá láti oko Ìsẹ̀, tí àdá àti ọkọ́ ti pa ìlà ìka wọn rẹ́, tí wọ́n tẹ ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí nǹkan kan tó hàn. N kò fún àyè yẹn ní ìrònú kankan títí di ọdún 2004, nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ọkùnrin méjì kan, ọmọ Nàìjíríà, David Anyaele àti Emmanuel Egbuna, ti gba Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ lọ ní Abuja, pé wọ́n pe ìjọba tiwa lẹ́jọ́ nítorí Charles Taylor, ààrẹ Liberia tẹ́lẹ̀ tí ìjọba wa fún ní ibi ìsádi. Sierra Leone ni àwọn méjèèjì wà nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí Taylor ń ràn lọ́wọ́ gé wọn lọ́wọ́. Ti Anyaele, ọwọ́ méjèèjì ni, ní Freetown, oṣù kìíní ọdún 1999. Kí n tó ronú kan òfin, kí n tó ronú kan Taylor fúnra rẹ̀, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé: ìwé ìbúra tí ọkùnrin yìí máa mú wọ kóòtù, kí ni yóò fi tẹ̀ka?

Ìkẹ́rẹ́ ni ọ́fíìsì mi wà báyìí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Adó. Bí ọyẹ́ kò bá bò ó, mo ń rí òkè Olósùnta láti ojú fèrèsé. Ẹjọ́ ilẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń ṣe, lẹ́yìn ìyẹn ẹjọ́ ogún, ẹjọ́ oyè, ẹjọ́ màlúù tó wọ oko olóko. Ṣùgbọ́n Èkó ni mò ń gbé nígbà tí mò ń wí yìí. Àwa lọ́yà mélòó kan, pẹ̀lú àwọn oníròyìn àti pásítọ̀ kan, máa ń pàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A ò lówó, a ò sì lórúkọ. Ohun tó pa wá pọ̀ ni pé a gbà pé ogun kò tíì parí níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń dáná rẹ̀ kò tíì dáhùn fún un. Iṣẹ́ wa kò ju ká máa kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ogun Liberia àti ti Sierra Leone kàn sílẹ̀, ká fi orúkọ, ọjọ́ àti ibi sí i, ká tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí adájọ́ kan yóò béèrè. Torí pé ọmọ Ọ̀rùn ni mí, apá ilé ni wọ́n yàn fún mi: Ọ̀rùn, Ìsẹ̀, Èmùré, Ìkẹ́rẹ́. Ẹ rántí pé nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó ọmọ ogun ECOMOG lọ sí Monrovia ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, Nàìjíríà ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Kò sí ọ̀kan nínú ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí tí n kò ti rí ilé tí ẹnì kan ti lọ, àti ilé tí ẹni tó lọ kò ti padà wá.

Gbogbo ilé tí mo wọ̀, àgbà kan á wà níbẹ̀ tó máa dá mi lóhùn pé, "Lọ́yà, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

N kò lè sọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ òwe yìí láyé mi. Mo sì gbà á gbọ́. Èmi fúnra mi ti gba oníbàárà mi nímọ̀ràn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé kí wọ́n gbé ẹjọ́ kúrò ní kóòtù wá sílé, kí àwọn àgbààgbà pín ilẹ̀ náà, kí wọ́n pa obì, kí oníkálukú máa lọ. Ẹni méjì tó ń lọ sí odò kan náà láàárọ̀ ọ̀la, tí ọmọ wọn jọ wà ní kíláàsì kan, ìlàjà dára fún wọn ju ìdájọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwe náà dáadáa. Ó ti gbà ṣáájú pé ọ̀rẹ́ kan wà tí kóòtù lè bà jẹ́. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó wọ Freetown máa ń bi ènìyàn, kí wọ́n tó gbé àdá sókè, pé ṣé apá gígùn ló fẹ́ ni àbí apá kúkúrú, bí ìgbà tí télọ̀ ń wọn aṣọ. Apá gígùn, wọ́n á gé e ní ọrùn ọwọ́. Apá kúkúrú, wọ́n á gé e lókè ìgúnpá. Ọ̀rẹ́ wo ló wà láàárín ẹni tó béèrè àti ẹni tí wọ́n bi, tí a fi ń bẹ̀rù pé kóòtù yóò tú u ká?

Àwa ará Èkìtì mọ àlàáfíà tí kò béèrè nǹkan kan. Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó sì di 1886 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí tàbí ọmọ irú wọn, dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbọn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé, síbẹ̀ àwọn náà wà lára àwọn tó ń kọ̀wé sí gómìnà kí ogun lè parí. Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà méjì, ń rìn láàárín ibùdó Ìbàdàn ní Ìgbájọ àti ti Èkìtìparapọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé títí ìbọn fi dákẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan lọ́tùn-ún tàbí lósì tí a pè síwájú kí á bi í pé, àwọn tó o kó, níbo lo tà wọ́n sí? Ní apá gúúsù tiwa níhìn-ín, kì í ṣe ará Ìbàdàn nìkan ló kó wa lẹ́rú. Àwọn ajagun tó wà nítòsí, irú Adúlójú ti Adó, náà kó tiwọn. Orúkọ àwọn ajagun ṣì wà lẹ́nu wa. Nínú ẹbí tèmi, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ obìnrin kan tí wọ́n gbé lọ lójú ọ̀nà odò. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. "Ìyá tí wọ́n kó lọ" ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe pè é títí ó fi kú. Ìyá tí wọ́n kó lọ ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń fi ìwé àti bírò yí ìlú ká.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2003, ilé-ẹjọ́ àkànṣe fún Sierra Leone tú ìwé ẹ̀sùn Taylor síta ní gbangba. Accra ni ọkùnrin náà wà lọ́jọ́ yẹn, níbi ìpàdé àlàáfíà, ààrẹ Liberia sì ni. Wọn ò mú un. Ó wọ bàálù padà sí Monrovia, ìjà sì gbóná sí i, ọta mọ́tà ń bọ́ lu àwọn tó sá wọ ọgbà ilé-ìwé àti ọgbà ilé àwọn òyìnbó. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, lójú àwọn ààrẹ Gánà, South Africa àti Mòsáńbíìkì, ó gbé ìjọba sílẹ̀. Ó wá sí Nàìjíríà, a sì fún un ní ilé ní Calabar. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Accra.

N kò ní bá àwọn tó sọ pé Ààrẹ Obasanjo kò rí nǹkan kan rò sọ ọ́. Àwọn obìnrin Liberia tí Leymah Gbowee kó jọ, Kristẹni àti Mùsùlùmí, tí wọ́n wọ aṣọ funfun jókòó sínú òjò àti oòrùn lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia, tí wọ́n lọ dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé ní Gánà mọ́ àwọn ológun kí wọ́n má lè jáde láì fọwọ́ síwèé, ohun tí wọ́n ń tọrọ lákọ̀ọ́kọ́ ni kí ìbọn dákẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sá fún ọta ìbọn lọ́wọ́ kò ní ráyè béèrè ìwé ẹ̀sùn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n pè lóṣù kẹjọ ọdún yẹn pé kí n yàn, bóyá èmi náà á ní kí wọ́n gbé e wá sí Calabar.

Ṣùgbọ́n ìbọn dákẹ́. Oṣù kan kọjá, ọdún kan kọjá. Taylor ń gbé ní Calabar, àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́ ń gbé níbi tí ẹlòmíràn ti ń bọ̀kẹ̀lẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Àlàáfíà tí a rà, ta ló san owó rẹ̀? Ìgbà tí mo bi ara mi ní ìbéèrè yìí ni ẹjọ́ Abuja yé mi. Àwọn méjèèjì kò wá sọ pé kí ogun padà. Wọ́n wá sọ pé owó ọjà náà, ara àwọn ni wọ́n ti gé e, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn.

Èsì àkọ́kọ́ tí ìjọba fọ̀ ní kóòtù kì í ṣe pé Taylor kò ṣe é. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, kí ló kàn yín? Wọ́n ní àwọn olùpẹ̀jọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Mo mọ àtakò yẹn bí ẹni mọ owó, èmi náà ti fi dá ẹjọ́ ènìyàn dúró rí ní Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín. Bí oko rẹ kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n dí, tí ilé rẹ kò sí níbẹ̀, adájọ́ á bi ọ́ pé kí lo wá ṣe, á sì lé ọ jáde kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Òfin tó dára ni. Òun ni kì í jẹ́ kí alátojúbọ̀ fi kóòtù ṣe ọjà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo rí i tí wọ́n gbé e dojú kọ ẹni tí kò lọ́wọ́ mọ́, mo ti fáìlì mi pa. Àwa ń jà lórí oko. Èyí tí wọ́n gé lára rẹ̀, ṣé kò tó ohun tó kàn án?

Ó gba ìjókòó kóòtù lọ́pọ̀ ìgbà. Amnesty International náà tọrọ àyè láti bá kóòtù sọ̀rọ̀ lórí òfin àgbáyé, pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ẹ̀ṣẹ̀ ogun kàn kì í ṣe ẹni tí a ń fún ní ibi ìsádi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, Adájọ́ Stephen Adah ti àtakò ìjọba sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní àwọn ọkùnrin méjèèjì lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́, kí ẹjọ́ máa bá a lọ. Kì í ṣe ìdájọ́ pé kí wọ́n gbé Taylor jáde o. Ìdájọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n ni. Àwa tó wà ní Èkó ka ìròyìn náà sókè fún ara wa, ọ̀kan nínú wa, obìnrin tó ti ń bá ẹjọ́ bọ̀ ṣáájú gbogbo wa, sì ń sunkún. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa lè máa wò ó pé kí ni nǹkan ńlá nínú ká sọ fún ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ kàn án. Nǹkan ńlá ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ náà kò dé òpin, ọ̀rọ̀ ìṣèlú sáré kọjá rẹ̀. Ellen Johnson Sirleaf gorí oyè ní Monrovia ní oṣù kìíní ọdún 2006. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó béèrè Taylor lọ́wọ́ wa. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ́ ní Áfíríkà àti lókè òkun ti ń pariwo ohun kan náà bọ̀. Nàìjíríà kéde pé Liberia lè wá mú un. Láìpẹ́, a gbọ́ pé ó ti pòórá ní Calabar. Mo rántí òru yẹn, n kò sùn; mo rò pé gbogbo ìwé wa ti di ìwé ìdì ẹ̀pà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè mú un ní Gamboru-Ngala, ní Borno, níbi tó ti fẹ́ kọjá sí Kamẹrúùnù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti wà ní Freetown, lọ́wọ́ kóòtù tó ti ń dúró dè é. Láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí The Hague kí àlàáfíà àgbègbè náà má bàa dàrú.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ẹjọ́ Abuja ló mú Taylor. Rárá. Ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọdún méjì, nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn, déètì kan ń bọ̀ nígbà gbogbo ní Abuja tí lọ́yà ìjọba gbọ́dọ̀ dìde dúró kó sọ ìdí tí ọkùnrin náà fi wà ní Calabar. Ọ̀rọ̀ tí a ń dárúkọ ní kóòtù léraléra kò rọrùn láti sin. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò bá ń ka ìwé yìí tí ó ń rò pé ẹjọ́ tí kò ní ìdájọ́ ìparí, ẹjọ́ asán ni, mo ń bẹ̀ ẹ́, lọ wo ẹjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ náà dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn mọ́kọ̀ọ̀kànlá: ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, ìfiniṣẹrú, kíkó ọmọdé sí iṣẹ́ ogun, gígé ẹ̀yà ara ènìyàn àti ìyókù. Wọ́n ní ó ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́, ó sì bá wọn gbìmọ̀. 50 ọdún ni wọ́n fún un. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dá a nù ní 2013, ó sì ń ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ààrẹ orílẹ̀-èdè kan tẹ́lẹ̀ rí tí kóòtù àgbáyé dá lẹ́bi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìdájọ́ Nuremberg. Anyaele dá àjọ kan sílẹ̀ ní Èkó fún ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì wà lára àwọn tó ja ìjà títí òfin tó de ìyànjẹ aláàbọ̀ ara fi jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019. Nígbà tí mo bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí ìwé ìdájọ́ náà kò ní. Kóòtù yẹn, Sierra Leone nìkan ni wọ́n dá a fún, ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 1996 nìkan ló sì lè gbọ́. Gbogbo ohun tí Taylor àti àwọn tó bá a jà, àti àwọn tí wọ́n bá jà, ṣe ní Liberia fúnra rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ní 1990, àwọn oníròyìn Nàìjíríà méjì lọ wo ogun Liberia fún wa, Krees Imodibie ti ìwé ìròyìn The Guardian àti Tayo Awotunsin ti Champion. Àwọn ọmọ ogun Taylor mú wọn, wọ́n pa wọ́n. Bírò àti ìwé ni wọ́n mú lọ, bíi tiwa. Ẹ̀sùn mọ́kànlá, kò sí èyí tó dárúkọ wọn.

Èmi náà ní ohun tí mo yọ kúrò nínú ìwé.

Ní Ọ̀rùn, ní 2004, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ti jẹ́ sájẹ́ńtì, tó ti bá ECOMOG lọ sí ogun Liberia àti ti Sierra Leone. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún mi. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó sọ ohun tó rí tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣe, ó sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka ìwé, mo sì ń kọ. Nígbà tí mo ti ń kó ìwé mi jọ lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Lọ́yà, ó ku apá kan." Ó wá sọ ohun tí òun rí tí àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun ṣe, àti ibi tí òun dúró sí nígbà tí wọ́n ń ṣe é. N kò ní sọ ọ́ síbí, òun ló ni ín. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán ó ní, "Wọ́n ní ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Irọ́ ni. Èmi ò gbàgbé."

Mo kọ ọ́. Mo sì yọ ọ́. Nígbà tí mo dé Èkó, mo tẹ gbogbo ìyókù, mo fi ojú ìwé yẹn sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹjọ́ Taylor ni à ń bá kiri, pé èyí yóò kàn fún àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ohun tí wọ́n á fi máa da ojú ọ̀rọ̀ rú, pé ọmọ ogun wa ló gba Freetown lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, pé ọ̀pọ̀ wọn kú síbẹ̀, kí á má ba orúkọ wọn jẹ́. Òótọ́ sì ni pé wọ́n kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1999 kan náà, Human Rights Watch ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé àwọn ọmọ ogun ECOMOG pa àwọn tí wọ́n fura sí láì ṣe ẹjọ́ fún wọn nígbà ìjà Freetown. Kì í ṣe àṣírí. Ohun tó le fún mi kò ju pé ẹni tó ń sọ ọ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi láti Ọ̀rùn, àti pé aṣọ tí wọ́n wọ̀, aṣọ tiwa ni. Mo ti wí fún ìjọba pé kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni pé kí ló kàn án. Èmi náà ti jókòó ní Èkó, mo bi ojú ìwé kan pé kí ló kàn ọ́, mo sì lé e jáde.

N kò rò pé èmi nìkan ni. Nàìjíríà jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń yọ ojú ìwé. Ìgbìmọ̀ Oputa jókòó, wọ́n gbọ́ ẹkún àwọn ènìyàn láti ìgbà ìjọba ológun àkọ́kọ́, ti ogun Biafra pẹ̀lú, wọ́n fi ìwé wọn lé ìjọba lọ́wọ́ ní 2002. Ìjọba kò gbé e jáde. Àwọn tí àdó olóró ogun náà ṣì ń ṣe léṣe ní ìlà-oòrùn ní láti gba ilé-ẹjọ́ ECOWAS lọ ní 2012, ọ̀rọ̀ wọn sì di ọdún 2017 kí ìjọba tó gbà láti san 88 bílíọ̀nù náírà, 50 bílíọ̀nù fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, 38 bílíọ̀nù láti hú àwọn àdó náà kúrò nílẹ̀ àti láti kọ́ àwọn nǹkan tó bà jẹ́. Ẹ ronú sí i: ogun tí wọ́n ní ó parí ní 1970, láìsí aṣẹ́gun, láìsí ẹni tí a ṣẹ́gun. Àdó tó wà lábẹ́ ẹ̀gẹ́ kò gbọ́ ìkéde náà.

Nílé níhìn-ín, ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé dúró ní Èmùré, wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké àti àwọn olùkọ́ wọn wọ inú igbó. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa ọba méjì ní apá Ìkọ̀lé, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ padà wálé. Awakọ̀ wọn kò padà, wọ́n ti pa á. Mo wà ní Èmùré lọ́sẹ̀ kejì fún ẹjọ́ mìíràn, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ènìyàn: ẹ jẹ́ ká dúpẹ́. Mo dúpẹ́ pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo rí i bí ọpẹ́ ṣe ń bo ọ̀rọ̀ awakọ̀ náà mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó ní èrò ibi. Kò sẹ́ni tó ń pe irú èyí ní ogun. Ilé tó ṣẹlẹ̀ sí mọ ohun tó ń pè é.

Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Joseph Boakai ti Liberia fọwọ́ sí àṣẹ tó dá ọ́fíìsì sílẹ̀ láti palẹ̀ mọ́ de kóòtù tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ogun àti ti ìkówójẹ ní orílẹ̀-èdè wọn. Ìgbìmọ̀ òtítọ́ tiwọn ti dá ìmọ̀ràn irú rẹ̀ láti 2009. Láàárín ìgbà náà, kóòtù òkèèrè ló ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀: ní 2021, Switzerland dá Alieu Kosiah, ajagun kan nínú ogun Liberia, lẹ́bi, 20 ọdún, lórí ẹ̀rí àwọn ọmọ Liberia tó wọ bàálù lọ sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Àwọn bíi Hassan Bility, oníròyìn tí ìjọba Taylor tì mọ́lé rí, ló ti ń kọ ẹ̀rí sílẹ̀ nígbà tí kò sí kóòtù kankan tó béèrè. Ìwé tí wọ́n tọ́jú ni adájọ́ rí lò.

Lẹ́yìn ìròyìn Boakai yìí, mo gbé àpótí mi sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú ìwé tí mo yọ ṣì wà níbẹ̀, ìpẹtà ti ń mú ibi tí pínnì wà. Mo wakọ̀ lọ sí Ọ̀rùn.

Ẹ̀gbọ́n ti darúgbó. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un jáde wá sí abẹ́ máńgòrò. Mo sọ ohun tí mo ṣe ní 2004 fún un. Ó gbọ́ ọ títí mo fi dákẹ́. N kò rí i kó bínú, ìyẹn sì nira fún mi ju ìbínú lọ. Ohun tó béèrè ni pé kóòtù tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ ní Monrovia yẹn, ṣé wọ́n máa bi àwọn sójà tó ti ìta wá náà? Mo ní n kò lè ṣèlérí. Ó ní kò burú.

"Kọ ọ́ báyìí," ó ní. "Kọ ọ́ tán pátá. Èyí tí mo sọ àti èyí tí mi ò sọ."

Ọ̀sán méjì ló gbà wá. Ó rántí orúkọ tí n kò gbọ́ lẹ́ẹ̀kìíní, ó rántí aṣọ tí ẹnì kan wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, mo mú páàdì yíǹkì jáde, mo di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú láti tọ́ ọ sí àyè tó wà nísàlẹ̀ ìwé. Ó fà á kúrò.

"Òfin yín ní kí ẹ kọ́kọ́ ka á fún mi," ó ní. "Láti òkè."

Mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.